Eku Tí Pàkúté Kò Rí Mú

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní

Abẹ́rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Èmi náà wà, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ń pariwo ju ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ báyìí. Àpótí tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Súwẹ́tà yẹn bá mi mu, àfi apá rẹ̀ tó gùn jù, mo sì ti gé e. Àwọn hóró funfun tí o ní kí n máa fi sí tíì dípò ṣúgà nítorí àtọ̀gbẹ mi náà dára. Ohun tí o kọ sára àwọn ike ńlá rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín: "Màámi, kò ní nǹkan kan nínú, adùn lásán ni." Mo mọ ọkùnrin kan tó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọge.

Àbúrò rẹ ò sùn mọ́. Ọ̀gá tí gbogbo wa ń sìn láti ọjọ́ tí mo ti bí i, ó ti wá di ọ̀gá pátápátá. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó fi àwo lù mí lápá. Kò bínú sí mi o, ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá ibi tí yóò bà sí ni. Apá náà wú, Bàbá rẹ kékeré sì rí i. Kò bá mi sọ nǹkan kan, ó kàn lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kò lè dá wà, wọ́n sì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀dì kan yóò ṣófo ní oṣù kẹjọ. Ó ní èmi náà ń darúgbó, pé bí mo bá kú lónìí, ta ni yóò máa wẹ ọkùnrin onírùngbọ̀n? Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ kí wọ́n mú un lọ, Abẹ́rẹ́. Mo sọ ọ́ jáde báyìí kí o lè mọ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi wá oògùn eku tó le lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó rẹ. Yàrá Ọ̀gá ń rùn bí eku. Ìwọ náà mọ̀ pé ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wá le sí i. Pàkúté wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pàkúté wà lẹ́yìn àpótí aṣọ, kò mú ẹyọ kan rí. Eku ilé yìí gbọ́n ju wa lọ.

Má fi fóònù pè wá o. O mọ̀ pé bí ó bá ti dún báyìí, Ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri. Lẹ́tà ni kí o kọ, kí ó sì gùn. Èyí tí o kọ kẹ́yìn kò tó ohun tí èèyàn ń fi nu ọwọ́. Àwọn aládùúgbò ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe ní ọsibítù. Mo ní dókítà oúnjẹ ni ẹ́. Wọ́n ní ṣé oúnjẹ náà máa ń ṣàìsàn ni?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kìíní

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú orúnkún, ẹ kú apá tó wú, ẹ kú Ọ̀gá. Ẹ fi omi tútù sí apá yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wò ó, ẹ má fi aṣọ bò ó kí ẹ máa ránṣọ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò pé oúnjẹ kì í ṣàìsàn, òun ló ń dá a sílẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa ṣọ́.

Ẹ ní kí lẹ́tà mi gùn, ó ti dé nìyí. Ọ̀gá wa obìnrin gbé iṣẹ́ tuntun lé mi lọ́wọ́: kí n ṣètò oúnjẹ fún àwọn àgbàlagbà tó ní àìsàn kan tí orúkọ rẹ̀ gùn débi pé lẹ́tà mẹ́ta péré ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń pè é. Àbímọ́ ni. Ẹran, ẹyin, ẹja, wàrà, ẹ̀wà, gbogbo amúaradàgbà pátá ló ní àwọn èròjà kéékèèké nínú. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ara àwọn èèyàn yìí kò lè lò tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù á kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ, á sì máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níhìn-ín wọ́n ń gún gìgísẹ̀ gbogbo ìkókó kí wọ́n lè tètè mọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá tètè mọ̀, tí wọ́n sì ṣọ́ ẹnu rẹ̀, á dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó.

Àwọn ọmọdé kì í ṣe ìṣòro wa, ilé ìdáná ti mọ tíréè tiwọn. Àgbàlagbà ni ìṣòro. Ọkùnrin kan tó ní àìsàn yìí, akunlé tó ń fi ọ̀dà kun ilé, já bọ́ láti orí àkàbà, itan rẹ̀ kán, wọ́n sì gbé ẹyin àti wàrà síwájú rẹ̀ pé kí egungun lè tètè jinná. Kò fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí, ó sì fi ebi sùn. Ebi náà kò dára fún un, Màámi: bí kò bá jẹun tó, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀, èròjà kan náà á sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà a kò kàn ní mú ẹran kúrò ká máa lọ. A gbọ́dọ̀ fi òróró, ṣúgà, èso àti búrẹ́dì tí wọ́n ti yọ amúaradàgbà ìyẹ̀fun rẹ̀ dí àyè yẹn, ká wọn ọ̀dùnkún lórí òṣùwọ̀n bí ẹni ń wọn wúrà, ká sì po ohun mímu kan fún un tó ní gbogbo èròjà yòókù, àfi ọ̀kan burúkú yẹn. Ohun mímu náà ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ.

Olórí ilé ìdáná, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ní òun ò ní gbé àwo tí kò lẹ́ran fún ẹni tí egungun rẹ̀ kán, pé orúkọ òun ló máa bàjẹ́. Ojoojúmọ́ là ń jà.

N ò ní fi oògùn eku ránṣẹ́, nítorí pé kò sí ohun tí Ọ̀gá kì í fi sẹ́nu. Pàkúté ni mo máa fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ Bàbá kékeré kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Èmi náà ò fẹ́ ilé yẹn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́,

Ṣé o ń jẹun ṣá? Nítorí pé bí o ṣe ń ṣe fún àwọn aláìsàn yẹn ń bà mí lẹ́rù.

Ìwọ àti olórí ilé ìdáná yẹn ń jà, òun ni mo sì gbè lẹ́yìn. Itan ọkùnrin kán, o ń fún un lọ́sàn! Èèyàn tó sọ ọ́ ní amúaradàgbà kò sọ ọ́ lásán, ohun tó ń mú ara dàgbà ni. Bí o bá gbà á lẹ́nu èèyàn, kí ló kù tí yóò mú un dàgbà? Bóyá òyìnbó ni ara tiwọn yàtọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Wo àbúrò rẹ. Orí rẹ̀ kò pé, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló lè wò ó kí ó sọ pé kò jẹun kánú? Ẹyin méjì lójoojúmọ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, pẹ̀lú ife wàrà. Ẹran lọ́sàn-án. Bí mo bá rí ẹja, egungun rẹ̀ ni tèmi. Dókítà tó wò ó nígbà tó wà ní kékeré ní kò sí oògùn rẹ̀, n ò lè rán an nílé ìwé, n ò lè fẹ́yàwó fún un. Oúnjẹ nìkan ni ohun tí mo rí ṣe fún un, mo sì ṣe é dáadáa.

Pàkúté rẹ dé. Kò mú nǹkan kan. Mo yá ológbò aládùúgbò, ó wọ yàrá, ó wò yíká, ó dùbúlẹ̀ ó sùn. Mo ti sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn, mo ti fi omi gbígbóná fọ ilẹ̀. Bàbá rẹ kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di imú, ó ní ìmọ́tótó ni ilé yìí ò ní. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń wẹ Ọ̀gá. Tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, tí mo gbé imú sún mọ́ ọrùn rẹ̀, òórùn eku yẹn ṣì wà lára rẹ̀, nínú òógùn rẹ̀. Ṣé eku lè wọ ara èèyàn ni?

Ìyá rẹ tí kò dọ̀tí.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Wọ́n gbé obìnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù wa lọ́jọ́ Àìkú. Ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Àbúrò rẹ̀ ló mú un wá. Ibi tí wọ́n bí i sí, wọn kì í gún gìgísẹ̀ ọmọ. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Irun rẹ̀ pọ́n, awọ ara rẹ̀ ń yún un, kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Mo wọlé láti bi wọ́n léèrè ohun tó ń jẹ, ni òórùn yàrá Ọ̀gá bá kọlù mí lójú. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màámi, mo bẹ̀rẹ̀ mo ń wá eku nínú ọsibítù. Ọ̀gá wa obìnrin bi mí pé kí ni mò ń wá, mo sọ fún un, ó ní kì í ṣe eku, pé bí àìsàn yẹn ṣe ń rùn nìyẹn bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Èròjà tó pọ̀ jù ló ń bá òógùn àti ìtọ̀ jáde.

Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Mo lè ṣìnà. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Ọ̀gá lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ fún dókítà ní ìwé kékeré tó wà nínú lẹ́tà yìí, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má yí oúnjẹ rẹ̀ padà títí wọn yóò fi fà á, kí èsì lè hàn kedere. Bí ó bá jẹ́ òun, ọwọ́ wa ṣì lè tó nǹkan kan, bó ti wù kí ó kéré. Kò sí ẹni tó sọ fún yín nígbà náà, ẹ má ṣe kó ẹ̀bi rẹ̀ lé orí ara yín.

Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe Bàbá kékeré, wọ́n ní ẹ wà láàyè, ẹ sì ń ránṣọ, wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ gbé e lọ? Ṣé ìbínú ni? Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, kí n ṣáà rí ìwé yín. N ò lè dúró sójú kan. Lánàá mo wọn ọ̀dùnkún akunlé yẹn tán, mo tún un wọ̀n, mo tún un wọ̀n, títí olórí ilé ìdáná fi gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ mi.

Ẹ kọ̀wé.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Abẹ́rẹ́,

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì. Àkọ́kọ́, mo kà á tán, mo tì í sábẹ́ aṣọ tí mò ń rán, mo ń rán nìṣó. Èpè ló wà lẹ́nu mi nígbà yẹn, n ò sì fẹ́ kọ èpè ránṣẹ́ sí ọmọ tí mo bí. Ohun tí o kọ, bó ti wù kí o fi oyin pa á tó, ohun kan náà ni: ìyá rẹ ló fi oúnjẹ ba ọmọ rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí ìbínú rọ̀, mo gbé e lọ. Ó bu nọ́ọ̀sì tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ lọ́wọ́. Èsì pẹ́ kí ó tó dé. Òun náà ni. Dókítà ní òun kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní kí n má dá ara mi lẹ́bi. Ó rọrùn fún un láti sọ, òun kọ́ ló ń dín ẹyin.

Mo padà délé, mo jókòó sílé ìdáná. Mo ń wo abọ́ tí mo fi ń po ẹyin. O rántí pé mo máa ń mú ẹran inú àwo mi fún un, tí mò ń sọ fún yín pé èmi kò fẹ́ràn ẹran? Abẹ́rẹ́, mo fẹ́ràn ẹran. Mo gbà á lẹ́nu ara mi ni, mo fi ń ba ọpọlọ ọmọ mi jẹ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ń jẹ ẹ́. Mo sunkún débi pé Ọ̀gá dá ìrìn rẹ̀ dúró, ó wá wò mí.

Ó ti tó. Ẹni bá bímọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n, èmi ni mo sì pọ̀n ọ́n. Sọ bí n óò ṣe máa dáná fún un. Kí o sì sọ òtítọ́ fún mi, má fi èdè dókítà bò ó: ṣé yóò gbọ́n?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Màámi mi,

Rárá. Kò ní gbọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ láti kékeré kì í padà. Ẹ ní kí n sọ òtítọ́, òun nìyí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà á láàmú lójoojúmọ́, ìrìn àrìnkiri yẹn, àìsùn, ara yíyún, ọwọ́ tó ń wá ibi tí yóò bà sí, ìyẹn lè rọlẹ̀. N ò sọ pé yóò rọlẹ̀, mo ní ó lè rọlẹ̀. Obìnrin tí mo sọ fún yín ti ń sùn.

Ètò tí mo ṣe fún wọ́ọ̀dù ni mo tún gé fún Ọ̀gá, bí ẹ ṣe máa ń gé aṣọ àgbà fún ọmọ. Ẹran, ẹyin, ẹja, wàrà, ẹ̀wà àti ẹ̀pà kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ọ̀dùnkún àti ìrẹsì, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tí mo fi ránṣẹ́, ẹ ó rí àmì tí mo fi pupa kọ. Èso tí mo dárúkọ àti òróró, ẹ jẹ́ kí ó jẹ wọ́n yó. Màámi, ebi ò gbọ́dọ̀ pa á, ẹ rántí akunlé. Ọsibítù ńlá yóò máa fún un ní ìyẹ̀fun ohun mímu náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni, kò sì gbọ́dọ̀ fò ó, nítorí òun ló wà nípò gbogbo ẹran tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò tu ú dànù níbẹ̀rẹ̀. Akunlé gan-an, tó ti ń mu ún láti kékeré, imú ló máa ń dì.

Ẹ kó gbogbo pàkúté yẹn kúrò kí ó má bàa gé e lẹ́sẹ̀.

Mo ti kọ̀wé sí Bàbá kékeré. Wọ́n ní àwọn yóò dúró de oṣù kẹjọ, pé bí èròjà yẹn bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì rọ̀, àwọn yóò fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn yóò mú un lọ.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ilé. Dókítà Ọ̀gá kọ̀wé sí mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, inú mi sì dùn. Lẹ́yìn náà ó tún gòkè, ó sì ń gòkè sí i. Bàbá kékeré ní Ọ̀gá tún ti fi ìka gún yín lójú.

N ò fẹ́ bi yín ní ìbéèrè yìí. Màámi, ṣé ẹ ń fún un lẹ́ran? Mo mọ̀ yín. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí lára yín bí ó bá na ọwọ́ sí àwo. Bí ó bá jẹ́ ègé kan péré, ègé kan péré náà ni mò ń sọ. Níhìn-ín, àwọn ẹbí ló máa ń kọ́kọ́ yọ́ nǹkan wọ wọ́ọ̀dù, nínú ìfẹ́ ni, àwa la sì máa ń rí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kò lè fi ẹ̀jẹ̀ parọ́.

Oṣù kẹjọ ń bọ̀. Ẹ má bá wọn ti ọmọ yín jáde nílé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Sí ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ní ilé ìdáná,

Ara mi le. N ò bi ẹ́ bóyá ara tìrẹ le.

Ẹran ò wọ ilé yìí láti ọjọ́ tí èsì ti dé. Èmi náà ò jẹ ẹ́ mọ́, nítorí pé n ò lè jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ ni mò ń jẹ. Mo ń wọn ọ̀dùnkún bí mo ṣe ń wọn àyà aṣọ ìyàwó, n kì í fi kún un, n kì í yọ kúrò. Ṣé o rò pé ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà tẹ́ẹ̀pù kò mọ ìwọ̀n?

Ohun mímu rẹ yẹn nìkan ló fẹ́ pa wá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi tu ú sí mi lára. Mo kọ́kọ́ wá ṣúgà tí n óò bù sí i, àmọ́ ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ṣúgà nínú ilé yìí láti ìgbà tí àtọ̀gbẹ ti mú mi. Ni mo bá rántí àwọn hóró rẹ. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Ó mu ún! Ó mu ún dé ìdí ife, ó fi ìka lá ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò fò ó rí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ìgbà tó bá sì ṣe jẹ́jẹ́ mo máa ń fún un ní díẹ̀ lá. Mo ní, Ọlọ́run ṣeun, ohun tí kò ní nǹkan kan nínú ló gbà wá là. Ohun tí mo yọ́ fi sí àbúrò rẹ lẹ́nu nìyẹn, ọlọ́pàá. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń gòkè, bi ìwé rẹ léèrè, má bi mí.

Bàbá rẹ kékeré ti ní kí n máa di ẹrù rẹ̀. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn ṣòkòtò rẹ̀ pẹ̀lú òwú.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Màámi,

Ẹ da àwọn hóró yẹn nù. Lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ má fún un ní ẹyọ kan mọ́. Tíì yín nìkan ló wà fún.

Àṣìṣe mi ni. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kò ní nǹkan kan nínú. Ṣúgà ni kò ní nínú, Màámi. Ohun tí wọ́n fi ṣe adùn yẹn gan-an, èròjà burúkú tí à ń sá fún wà nínú rẹ̀. Hóró kan kéré, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí ara Ọ̀gá lè gbà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná wa níbí: kí wọ́n má ṣe fi hóró adùn sí tíréè àwọn èèyàn yìí. Mo kìlọ̀ fún olórí ilé ìdáná, mo kìlọ̀ fún àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ, n ò kìlọ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ mi sóde, mo wá padà bú ilé.

Mo kúnlẹ̀, Màámi. Ẹ má bínú sí mi.

Ṣúgà gidi ni kí ẹ fi sí ohun mímu rẹ̀, ṣúgà tó ń pa ẹ̀yin kò ní ṣe òun ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ni kí ẹ má fi ẹnu kàn án. Mo ti kọ̀wé sí dókítà, mo sì ti bẹ Bàbá kékeré kí wọ́n fún wa ní oṣù kan sí i. Wọn ò tíì fèsì. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹjọ

Abẹ́rẹ́ mi,

Ṣé o wà? Ara mi le, mo sì bi ẹ́ bóyá ara tìrẹ le. Mo bínú dáadáa, mo bínú tán. Èèyàn tó ń sunkún lórí lẹ́tà títí yíǹkì fi ṣàn, kí ni mo tún fẹ́ fi jẹ ẹ́ níyà?

Mo da hóró nù. Ọ̀gá jà fún ọjọ́ mélòó kan, ṣúgà gidi wá tù ú nínú. Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, ó ní ó ti lọ sílẹ̀ dáadáa. Kò ṣe àrà kankan tí mo lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n ó ń sùn, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ yún un mọ́, ó sì máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tí yóò máa wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Bàbá rẹ kékeré kò gbà láti fi oṣù kan kún un. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yẹn ti lọ sílẹ̀ rí kí ó tó tún gòkè, pé bí bẹ́ẹ̀dì yẹn bá sì bọ́, kò sí òmíràn. Àná ló mú ọkọ̀ wá, òun àti ọkùnrin kan láti ilé ọ̀hún. Ẹrù Ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà. Oúnjẹ ọ̀sán wà lórí tábìlì, mo ti wọn tirẹ̀ sínú àwo, mo gbé tèmi kalẹ̀, n kò lè fọwọ́ kàn án. Bàbá rẹ kékeré ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó ní ìfẹ́ ni òun fi ń ṣe é, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo kàn ń wo ilẹ̀.

Ọ̀gá jókòó, ó ń jẹun. Ó dúró. Ó wò mí, ó wo àwo mi. Ó mú ègé ọ̀dùnkún kan nínú àwo tirẹ̀, ó nà án wá, ó fi kàn mí létè. Mo ya ẹnu. Ó fi í sí i, ó sì ń wò mí títí mo fi gbé e mì. Ó wá sọ fún mi pé, "Jẹun."

Gbogbo ayé rẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un. N kò mọ̀ pé ó ń gbọ́.

Ọkùnrin ilé ọ̀hún bojú wo ibòmíràn. Bàbá rẹ kékeré fa imú. Nígbà tó yá ó gbé ẹrù Ọ̀gá padà sínú yàrá fúnra rẹ̀, ó ní òun á máa yọjú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí èmi náà lè máa sinmi. Ọkọ̀ náà sì padà lófìfo.

Ohun kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Ọ̀dùnkún yẹn, mo ti wọ̀n ọ́n fún un kó tó mú nínú rẹ̀, ègé tó fún mi sì ti dín in kù. O ní ebi ò gbọ́dọ̀ pa á, o sì ní a kò gbọ́dọ̀ fi kún un. Tètè kọ̀wé: bí ó bá tún fún mi, ṣé kí n fi òmíràn dí i fún un?

Ìyá rẹ.